Bọ́síkọ̀rọ̀: Àkísà Wúlù àti Ìtìjú Ẹni Tí Ó Tún Un Ṣe

Orúkọ kì í ṣàdédé bá nǹkan. Nígbà tí aṣọ àlòkù láti òkè òkun dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó, bọ́síkọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà kò sọ ohunkóhun nípa aṣọ ọ̀hún rárá. Kò sọ ibi tí ó ti wá, kò sọ bí ó ti gbó tó, kò sì sọ iye tí wọ́n ń tà á. Ẹni tí ń rà á ni orúkọ náà ń ṣàpèjúwe: ẹni tí ó wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, tí kò rí ojúlùmọ̀ kankan, tí ó wá yára bọ́ sí kọ̀rọ̀ lọ yẹ ọjà wò. Kí òǹkàwé fi èyí wé orúkọ tí àwọn ẹ̀yà mìíràn fún un. Àwọn Akan ní Gánà ń pè é ní obroni wawu, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òyìnbó ti kú. Ẹni tí ó ti ni aṣọ náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rò. Ní Zambia, salaula ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ṣe ni ènìyàn ń tú òkìtì kí ó tó ṣa èyí tí ó wù ú. Mitumba ni àwọn tí ń sọ èdè Swahili ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹrù dídì. Òkìríkà tí gbogbo Nàìjíríà mú lò, orúkọ ìlú ni, ní etí omi lẹ́bàá Port Harcourt. Nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, ti Yorùbá nìkan ni ó mú ìtìjú ẹni tí ń rajà ṣe orúkọ ọjà.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ni ohun tí ń tini lójú gan-an nínú aṣọ àlòkù? Ṣé lílò tí ẹlòmíràn ti lò ó ni, àbí fífi tí a ń fi í pamọ́? Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa fẹ̀ jù, orí irú aṣọ kan ṣoṣo ni a ó gbé e kà, irú èyí tí kì í tètè sọ síni lọ́kàn bí a bá dárúkọ Èkó, èyíinì ni aṣọ tí a fi irun àgùntàn hun, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní wúlù.

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní Yábà, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọjá sí ọ̀nà Tẹ́júoṣó, yóò rí i níbi tí wọ́n kó o jọ gegere lórí ọ̀rá. Yóò rí i ní Katangua lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó gba Múṣin lọ sí ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀. (Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́ Aswani. Orúkọ ibi tí a ti ń hun aṣọ tuntun ni ó wá di orúkọ ọjà tí a ti ń ra àlòkù; a ó padà sórí èyí.) Nínú òkìtì wọ̀nyí ni súwẹ́tà, kóòtù òtútù, ìborùn àti kúbùsù wà, tí oòrùn Èkó ń pa lórí. Kò sí ẹni tí ó pe wúlù wá sí Èkó. Ní àwọn ìlú olótùútù, àwọn ènìyàn a máa kó aṣọ tí wọn kò fẹ́ mọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Àwọn ẹgbẹ́ náà a tà lára rẹ̀, wọn a sì ta èyí tí ó kù ní ìwọ̀n kílò fún àwọn oníṣòwò tí ń ṣà á, tí ń fi ẹ̀rọ dì í ní bélì, tí ń kó o sọ́kọ̀ ojú omi. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba Kútọnu wọ ilẹ̀ wa. Oníṣòwò tí ó bá ra bélì kan kò lè tú u wò kí ó tó sanwó. Bí ó bá bá ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ó jèrè. Bí ó bá bá súwẹ́tà, orí ni yóò fi sọ.

Síbẹ̀, súwẹ́tà kì í ṣàìrí ẹni rà á. Ọlọ́kadà tí ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ ń rà á. Ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé lóru ń rà á, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹni tí ń lọ sí Jọ́ọ̀sì ń rà á. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò lè ra gbogbo rẹ̀ tán, èyí tí ó kù ni ó sì ń di ti oníṣẹ́ ọnà.

Ó yẹ kí á rántí pé àgùntàn ilẹ̀ wa kò ní irú irun yìí. Irun rẹ̀ kúrú, ó le, ó jọ ti ewúrẹ́. Kò ṣeé ran ní òwú. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wúlù ti jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá, ìmọ̀ bí a ti ń lò ó sì jẹ́ ohun tí a kọ́ láti ibòmíràn. Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń tún un ṣe ń gbà. Èkínní ni títú. Wọn a yẹ ojú rírán inú súwẹ́tà wò. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n hun apá, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, ó ṣeé tú, òwú rẹ̀ yóò sì máa jáde ní gígùn; bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé e lára aṣọ ńlá, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, nítorí òwú rẹ̀ yóò já sí kéékèèké. Òwú tí a tú náà yóò ká kò bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dídì rẹ̀. Wọn a wé e yípo, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a so nǹkan wíwúwo mọ́ ọn nísàlẹ̀ kí ó lè nà bí ó ti ń gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ hun ún di fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun.

Ọ̀nà kejì ni ó yani lẹ́nu jù. Bí a bá fi ojú ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré wo fọ́nrán irun àgùntàn, ara rẹ̀ kò dán. Ìpẹ́ wà lára rẹ̀ bí ti ẹja. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ń mú kí ìpẹ́ náà ṣí, bí a bá sì ń fọwọ́ ra á, tí a ń gbo ó, ìpẹ́ ọ̀kan yóò há sínú ti èkejì, fọ́nrán gbogbo yóò so mọ́ ara wọn, aṣọ náà yóò sún kì, yóò sì ki pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú híhun rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Irú aṣọ kíki bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe fìlà tí ó le gan-an. Kò sí bí a ti lè gé e tí yóò tú létí. A lè gé e ṣe bàtà ọmọ ọwọ́, àpò, ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà, tàbí ohun tí a fi ń di ìkòkò gbígbóná mú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fún alágbàfọ̀ ní súwẹ́tà rí, tí ó gbà á padà ní ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́ta, ti rí iṣẹ́ yìí láìmọ̀: ohun tí ó jẹ́ ìbàjẹ́ ní ọwọ́ alágbàfọ̀ ni ó jẹ́ àtúnṣe ní ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà. Gbogbo súwẹ́tà kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ni a fi òwú àtọwọ́dá hun. Iná ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí a bá fi iná sí ìṣẹ́jú fọ́nrán kan, tí ó rùn bí irun tí ó jóná, tí eérú rẹ̀ sì ń fọ́ ní ọwọ́, wúlù ni; bí ó bá yọ́, tí ó di kókó dúdú, kì í ṣe wúlù. Wúlù mìíràn sì wà tí a ti fi oògùn pa ìpẹ́ rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ má bàa sún un kì; bí a ti gbo ó tó, yóò kàn máa woni ni.

Bí a bá wá wo iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ojú àṣà, kò sí ohun àjèjì níbẹ̀ bí kò ṣe wúlù fúnra rẹ̀. Àwọn Bùnú, tí wọ́n ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá ní agbègbè Kábà, ní aṣọ pupa ńlá kan tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, èyí tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn ẹni ńlá. Láti inú aṣọ pupa tí ó ti ilẹ̀ òyìnbó wá ni àwọn ahunṣọ ti ń tú òwú pupa rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ń fi òwú náà hun aṣọ tí kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó. Bákan náà ni aláàárì àtijọ́: òwú sílíkì tí àwọn ará òkè òkun kò rí lò mọ́ ni ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tí ó gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò Haúsá dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tí ó níyì jùlọ fún ìnáwó. Ta ni ó rí ẹni tí ó wọ aláàárì rí tí ó sọ pé àjẹkù ni ó wọ̀? Ẹ tún wo ẹ̀kú egúngún. Aṣọ lórí aṣọ ni, ti òkè òkun àti ti ilé, ti àná àti ti ọdún yìí. Àwọn ẹbí ń fi kún un láti ọdún dé ọdún, kò sì sí ẹni tí ó béèrè pé èwo ni àlòkù nínú wọn.

Àwọn kan yóò ní pé ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ aṣọ àlòkù, pé ó lè jẹ́ ti òkú. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í ju aṣọ òkú nù. Bí olóògbé bá ti lọ, aṣọ rẹ̀ wà lára ogún tí àwọn ẹbí ń pín, inú ọmọ a sì máa dùn láti wọ agbádá tí bàbá rẹ̀ wọ̀. Kì í ṣe ikú ni ìṣòro náà, bí kò ṣe àìmọ ẹni tí ó kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti gbígbó. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, nínú ògbólógbòó ìró ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sí, nítorí pé aṣọ tuntun le, yóò máa ha á lára. Àwọn àgbà sì wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kò fi àkísà ṣe ẹ̀sín. Ó fi í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn ti pẹ́ láyé, pé ó ti ní, pé ó ti lò.

Níbo wá ni ìtìjú náà ti wá? Ìtìjú, ní èrò Yorùbá, kì í ṣe ohun búburú. Ẹni tí kò ní ìtìjú ni a ń bẹ̀rù. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń sọ ènìyàn di ọmọlúàbí ni, nítorí pé òun ni ó ń dá ènìyàn dúró kí ó tó ṣe ohun tí kò yẹ. Ìwà ni a fi í ṣọ́. Kì í ṣe ohun ìní. Ẹni tí ó wo ọ̀tún wo òsì ní Yábà kí ó tó ra súwẹ́tà kò tíì hùwà kankan tí kò dára; owó ni kò ní. Ó ń fi ohun tí ó yẹ kí ó máa fi ṣọ́ ìwà rẹ̀ ṣọ́ àpò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ báyìí, ìdáhùn kò le, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì dúró níbẹ̀ lè gba máàkì díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tún aṣọ náà ṣe tà.

Kí á mú un pé obìnrin kan wà ní Múṣin tí ń ra súwẹ́tà ní Aswani, tí ń fi omi gbígbóná sọ ọ́ di aṣọ kíki, tí ń gé e ṣe bàtà ọmọ ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyá ìkókó kan dé láti Súrùlérè, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní: "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ó mà rọ̀ o. Òwú tuntun ni ẹ fi ṣe é, àbí?" Kí ni kí obìnrin náà wí?

Àwọn kan yóò ní kí ó dákẹ́, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì dárúkọ owó. Àwíjàre wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọn yóò ní dídákẹ́ kì í ṣe irọ́. Pé kò sí ọlọ́jà tí ń ka gbogbo ohun tí ó fi ṣe ọjà rẹ̀ sétí oníbàárà. Pé amọ̀kòkò kò sọ etí odò tí ó ti wa amọ̀. Pé awo iṣẹ́ ni. Wọn yóò tún ní pé bàtà náà kì í ṣe súwẹ́tà mọ́, nítorí ẹni tí ó bá wò ó kò lè rí ojú híhun àtijọ́ níbẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà dá a padà. Ó ti di ohun tuntun.

Òótọ́ ni pé ó ti di ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni ti ẹni tí ó pa awo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́: bí omi ṣe gbóná tó, bí ó ṣe pẹ́ tó tí ó fi gbo ó. Oníbàárà kò padánù ohunkóhun níbẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí ó rí i pé oníbàárà ti gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́, tí ó sì jẹ́ kí ó fi ìgbàgbọ́ náà sanwó. Ọ̀nà tí a fi lè mọ èkejì kò nira: bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà yóò dá ọjà padà bí ó bá mọ̀, a jẹ́ pé àìmọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí a tà.

Àwọn ará Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti la irú èyí kọjá rí. Ní 1813, ní ìlú Batley, Benjamin Law rí ọ̀nà tí a fi ń fi ẹ̀rọ ya àkísà wúlù sí wẹ́wẹ́, tí a ń pò ó mọ́ wúlù tuntun díẹ̀, tí a ń ran án, tí a sì ń hun ún di aṣọ padà. Shoddy ni wọ́n pe aṣọ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ ọjà lásán ni, kò ní èébú kankan nínú. Tálákà tí kò lè ra kóòtù wúlù tẹ́lẹ̀ wá rí i rà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, àwọn agbaṣẹ́ṣe kan fi irú aṣọ yìí tí wọn kò ṣe dáradára rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì gba owó gidi. Òjò rọ̀, ẹ̀wù já lára ọmọ ogun. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di èébú nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí iṣẹ́ jákujàku gbogbo ń jẹ́ shoddy. Àkísà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n tà á ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n bà á lórúkọ jẹ́. Ní Prato ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí àtúnlò àkísà wúlù ti jẹ́ iṣẹ́ ìlú fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọn kò fi í pamọ́. Òun ni wọ́n tilẹ̀ fi ń yangàn.

Àtakò kan ṣẹ́kù, òun ni ó sì wúwo jùlọ. Bí ìyá ìkókó náà bá kórìíra àlòkù láìnídìí, ṣé ó yẹ kí ebi pa ọmọ obìnrin Múṣin nítorí ìkórìíra tí kò nídìí? Ó rọrùn fún olùkọ́ tí ń gba owó oṣù láti sọ pé kí ó sọ òótọ́. Kì í ṣe òun ni yóò ru bàtà tí kò tà padà sílé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ẹnu lásán fọ̀ dànù. Ṣùgbọ́n kí á wo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń ṣe fún obìnrin náà gan-an. Gbogbo bàtà dáradára tí ó bá tà láìsọ̀rọ̀, òwú tuntun ni yóò gba ìyìn rẹ̀. Ọmọ Súrùlérè yóò wọ bàtà náà títí yóò fi kéré jù fún un, ìyá rẹ̀ yóò sì máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò sí ohun tí ó dà bí òwú tuntun. Ìkórìíra tí ń lé obìnrin Múṣin sí kọ̀rọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń bọ́ ọ. Ní ti ìdọ̀tí tí ìyá ìkókó ń bẹ̀rù, òótọ́ gan-an ni yóò gba olùtajà níbẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni fífọ̀: omi gbígbóná, ọṣẹ, àti gbígbo títí apá yóò fi ro ni.

Òfin tún wà níbẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ka aṣọ àlòkù mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé láti òkè òkun, nítorí náà kì í ṣe ìtìjú nìkan ni ó ń lé ọjà yìí sí kọ̀rọ̀. Ìdí òfin náà yé ni: láti dáàbò bo àwọn tí ń hun aṣọ nílé. Ẹni tí ó bá dúró ní Aswani, tí ó mọ ohun tí orúkọ ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Kaduna Textiles tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 ti kógbá sílé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ní Ìkẹjà àti Ìsọlọ̀. Àìsí iná mànàmáná, epo ọ̀wọ́n, aṣọ tuntun olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Éṣíà, gbogbo wọn ni ó dá sí i, kò sì tọ́ kí á di gbogbo ẹ̀bi lé aṣọ àlòkù lórí. Ti wúlù tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀wù òwú. Òwú inú oko àti òwú àtọwọ́dá ni àwọn ilé-iṣẹ́ wa ń hun. Kò sí ẹni tí súwẹ́tà tí a tú ní Múṣin gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bélì kan náà ni ó gbé súwẹ́tà àti ẹ̀wù òwú wọlé, ẹni tí ó bá sì ra ọ̀kan ti fún èkejì ní owó ọkọ̀. Obìnrin Múṣin kò lè sọ pé òun kò mọ̀ sí i rárá. Kò sì jọ pé ó tọ́ kí òun nìkan ru ẹrù tí àwọn tí ń kó bélì gba ẹnubodè kọjá kò rù.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé aṣọ àlòkù sórí fóònù tà, wọn a ya fọ́tò rẹ̀, wọn a sì fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní kọ̀rọ̀ nínú. Obìnrin Múṣin lè ṣe é ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ó bá ń gé bàtà, kí ó fi etí ọwọ́ súwẹ́tà, níbi tí híhun rẹ̀ ti gún régé, ṣe ọrùn bàtà náà, kí ojú híhun àtijọ́ hàn díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìyá ìkókó bá tún béèrè bóyá òwú tuntun ni, kí ó fi ìka tọ́ ọ sí ibẹ̀. "Súwẹ́tà ni tẹ́lẹ̀, ìyá ìkókó. Èmi ni mo sọ ọ́ di èyí. Ẹ fà á wò." Bóyá yóò rà á, bóyá kò ní rà á.